Sípíkà Méjì, Aago Kan: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Gbé Stẹ́ríò Jáde Láìlo Wáyà

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin BurJuman ní Dubai, tó sì forí lé ọ̀nà Khalid Bin Al Waleed, kò ní pẹ́ dé ibi tí tonílé tàlejò ń pè ní Computer Street. Ibẹ̀ ni Al Ain Centre wà, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ sì pọ̀ ládùúgbò náà títí dé Al Fahidi Street. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Deira, tàbí Al Nahda tí ààlà Dubai àti Sharjah gba àárín rẹ̀ kọjá, mọ̀ pé ibẹ̀ ni èèyàn ti ń ra kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí àwọn sípíkà kékeré tí kò nílò wáyà, tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì dáhùn: HomePod mini ti Apple, Echo ti Amazon, Nest Audio ti Google, Era 100 ti Sonos. Ọlọ́jà á mú fóònù rẹ̀ jáde, á so ó mọ́ ẹyọ kan, orin á dún, báàsì á mi tábìlì. Oníbàárà á ní kí wọ́n di méjì fún òun, kí òun gbé ọ̀kan sí ọwọ́ òsì kọ̀ǹpútà òun, kí òun gbé èkejì sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ilé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á rí ọ̀kan, kò ní rí èkejì. Tàbí kó rí méjèèjì, kó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló máa dún. Nígbà míì méjèèjì á dún, ṣùgbọ́n ohùn akọrin á máa tẹ̀lé ara rẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan á di méjì. Ọjà tí wọ́n rà kò bàjẹ́ o. Ohun tí ọlọ́jà kò sọ fún wọn ni pé kí sípíkà tó lè di stẹ́ríò, méjèèjì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé aago kan náà. Ọ̀rọ̀ aago yìí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú wàhálà tí mo kà sílẹ̀ yẹn, òun náà ló sì máa sọ irú sípíkà tó yẹ kí èèyàn rà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí stẹ́ríò ń ṣe sí etí wa. Ní oṣù December ọdún 1931, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Alan Blumlein, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ EMI ní London, forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n máa ń sọ pé ilé sinimá ni èrò náà ti wá sí i lọ́kàn: òṣèré á rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ohùn rẹ̀ á sì dúró sójú kan, nítorí pé sípíkà kan ṣoṣo ló wà. Blumlein ronú pé bí etí ẹ̀dá ṣe jẹ́ méjì, ọ̀nà méjì ló yẹ kí ohùn máa gbà wá. Ohùn tó bá ti ọwọ́ òsì wá á kọ́kọ́ kan etí òsì kó tó kan ti ọ̀tún, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò sì ju nǹkan bíi 0.65 mìlísẹ́kọ́ǹdì lọ. Mìlísẹ́kọ́ǹdì kan ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwọ̀nba àkókò tí kò tó nǹkan yìí ni ọpọlọ fi ń mọ ibi tí ohùn ti wá, láìjẹ́ pé a ronú sí i rárá.

Nígbà tí wọ́n bá gba orin sílẹ̀ ní stẹ́ríò, ipa ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń lò, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Ohun tó bá wà ní ipa òsì nìkan, òsì la ti máa gbọ́ ọ. Èyí tó bá wà nínú méjèèjì lọ́gbọọgba, tó sì dé etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọpọlọ á gbé e sí àárín gbùngbùn, níbi tí kò ti sí sípíkà kankan. Ibẹ̀ ni ohùn akọrin máa ń dúró nínú ọ̀pọ̀ àwo. Ṣùgbọ́n tí sípíkà kan bá fi mìlísẹ́kọ́ǹdì kan péré pẹ́ ju èkejì lọ, ohùn náà á ṣí kúrò ní àárín, á fà sọ́dọ̀ èyí tó kọ́kọ́ dún. Helmut Haas, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣe ìwádìí lórí èyí ní 1949. Ó fi hàn pé tí ohùn kan náà bá dé lẹ́ẹ̀mejì, tí èkejì sì fi mìlísẹ́kọ́ǹdì bíi mélòó kan sí 30 pẹ́, ibi tí ti àkọ́kọ́ ti wá ni etí máa gbà pé gbogbo rẹ̀ ti wá. Tí pípẹ́ náà bá kọjá 50, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni sẹ̀ǹtímítà 34 ní mìlísẹ́kọ́ǹdì kan. Nítorí náà, sípíkà tó pẹ́ ní mìlísẹ́kọ́ǹdì 20, kò yàtọ̀ sí kí èèyàn gbé e kúrò lórí tábìlì kó lọ gbé e sí ibi tó jìnnà ju mítà mẹ́fà lọ.

Wàyí o, ká wá sọ̀rọ̀ Bluetooth. Ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé láti fi orin ránṣẹ́ lórí Bluetooth àtijọ́, A2DP lorúkọ rẹ̀, sípíkà kan ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe é. Kọ̀ǹpútà á kó ipa òsì àti ipa ọ̀tún pọ̀, á fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Windows lè jẹ́ kí sípíkà Bluetooth méjì wà ní ìsopọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló máa yàn láti fi orin ránṣẹ́ sí. Àwọn kan á wá wá áàpù tó ń fi ipá pín ohùn sí méjì. Ó máa ń dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìdí tí kì í fi í pẹ́ tó fi ń bàjẹ́ rèé. Inú sípíkà kọ̀ọ̀kan ni aago tirẹ̀ wà, òkúta kírísítà kékeré kan tó ń gbọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó yí nọ́ńbà padà sí ohùn. Kò sí kírísítà méjì tó ń gbọ̀n bákan náà gẹ́lẹ́. Ká ní ọ̀kan fi ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan yára ju èkejì lọ, èyí tó jẹ́ ohun tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí kò wọ́n, láàrin ìṣẹ́jú kan wọ́n á ti fi 1.2 mìlísẹ́kọ́ǹdì yà fún ara wọn. Láàrin ìṣẹ́jú 10, ó ti di 12. Ó dà bí ìgbà tí oníyàálù wà ní yàrá kan, tí olómele wà ní yàrá mìíràn, tí wọn kò gbọ́ ara wọn: ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kí orin tó dé ìdajì, ìlù ti dàrú. Kò sí bí Bluetooth ṣe lágbára tó tó lè tún èyí ṣe, àyàfi kí ẹnì kan máa wo aago méjèèjì kó sì máa bá wọn tò ó.

Àwọn tó ń lo Mac máa ń sọ fún mi pé àwọn ti rí ọ̀nà àbáyọ nínú Audio MIDI Setup, níbi tí èèyàn ti lè ṣẹ̀dá Multi-Output Device, kó sì fi àmì sí Drift Correction. Òótọ́ ni pé àmì yẹn ń bá wọn tún aago ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí Multi-Output ń ṣe ni pé ó ń fi òsì àti ọ̀tún pọ̀ ránṣẹ́ sí sípíkà méjèèjì. Ohùn á kún yàrá, kò sì ní sí stẹ́ríò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya ipa méjèèjì sọ́tọ̀ ní láti ṣe Aggregate Device, kó wá tẹ Configure Speakers, kó sọ èwo ni òsì, èwo ni ọ̀tún. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi ìyẹn ṣe ohun tó ń lò lójoojúmọ́.

Ọ̀nà tó dára ni pé kí àwọn sípíkà fúnra wọn mọ ara wọn, kí kọ̀ǹpútà má tiẹ̀ mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Ohun tí àwọn tó ń ṣe sípíkà aláìnílò wáyà ṣe nìyí. Nínú áàpù tí wọ́n fi ń tò ó lórí fóònù, èèyàn á so méjì pọ̀ di ìbejì, á yan òsì, á yan ọ̀tún. Láti ìgbà náà lọ, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí Wi-Fi ilé, wọ́n á máa wo aago ara wọn, wọ́n á sì máa tún un ṣe bó bá ti ń yẹ̀. Ìlànà tí AirPlay 2, ọ̀nà tí Apple fi ń fi orin ránṣẹ́ lórí Wi-Fi, tó jáde ní 2018, ń lò fún aago yìí ni PTP, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń lò tipẹ́ láti mú kí ẹ̀rọ púpọ̀ máa lu aago kan. Sípíkà kọ̀ọ̀kan á gba orin ṣáájú, á tọ́jú rẹ̀ díẹ̀ sínú ìrántí rẹ̀, á wá dúró de àkókò tí wọ́n dá fún un. Nígbà tí àkókò bá pé, méjèèjì á dún lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn ìbejì yìí ní òfin tiwọn. Irú kan náà gan-an ni méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́. HomePod mini kò lè ṣe ìbejì pẹ̀lú HomePod ńlá, HomePod ńlá ti 2018 kò sì lè ṣe é pẹ̀lú èyí tó jáde ní 2023. Nest Audio, Nest Audio ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa bá ṣe é. Ẹ má ṣe ra ọ̀kan lónìí pẹ̀lú èrò pé ẹ ó ra irú mìíràn tó bá wà lọ́jà lóṣù tó ń bọ̀.

Ìbéèrè tó kù ni èyí tó máa ń bá àwọn èèyàn lójijì: báwo ni ohùn ṣe máa ti inú kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ ìbejì náà? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, nítorí pé ìdáhùn yàtọ̀ láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, owó sì lè ṣòfò síbẹ̀.

Ẹni tó ní Mac tó sì ra HomePod méjì ni ọ̀rọ̀ rọrùn fún jù. Láti macOS 11.3, tó jáde ní oṣù April 2021, èèyàn lè tẹ àmì ohùn lókè ojú kọ̀ǹpútà, kó yan ìbejì HomePod, gbogbo ohun tó bá ń dún nínú Mac á sì gba ibẹ̀ jáde ní stẹ́ríò, yálà orin ni, fíìmù ni, tàbí ohùn tó ń kí yín pé lẹ́tà ti dé. Kó tó di ọdún yẹn, ọ̀kan nínú méjèèjì péré ni Mac lè yàn bẹ́ẹ̀, àyàfi téèyàn bá lo áàpù orin Apple fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé láìsí iPhone tàbí iPad nílé, ẹ kò lè to HomePod rárá.

Tó bá jẹ́ Windows lẹ ń lò, tí HomePod sì wù yín, ẹ rọra. HomePod kò gba orin lórí Bluetooth, kò sì ní ihò tí èèyàn lè ki wáyà bọ̀. iTunes ti Windows lè fi orin ránṣẹ́ sí i lórí AirPlay, àmọ́ orin inú iTunes nìkan ni, YouTube kò sí níbẹ̀. Àwọn áàpù àdáni wà, bíi TuneBlade, tí wọ́n ṣe láti fi gbogbo ohùn Windows ránṣẹ́ sórí AirPlay. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó rẹ̀, ẹ sì fetí sí i bóyá sípíkà méjèèjì ló ń dún.

Pẹ̀lú Nest Audio, Chrome ni ilẹ̀kùn. Ẹ ṣí ojú ìwé tí orin wà nínú rẹ̀, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún lókè, ẹ wá Cast, ẹ yan orúkọ tí ẹ fún ìbejì náà. Orin tó wà lójú ìwé yẹn á lọ sórí sípíkà. Ó dára fún ẹni tó ń gbọ́ orin nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Fún fíìmù kò dára tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohùn máa ń pẹ́ lẹ́yìn àwòrán débi tí ojú á fi rí i.

Echo ti Amazon lè di ìbejì nínú áàpù Alexa, àwọn kan nínú wọn sì ní ihò 3.5 milimítà tí èèyàn lè fi wáyà gba ohùn wọlé láti ara kọ̀ǹpútà. Echo roboto ti 2020 ní i. Echo Dot ti 2022 kò ní i mọ́. Kí ẹ tó gbà pé ẹ ó ra méjì, ẹ ní kí ọlọ́jà so wọ́n pọ̀ lójú yín, kó fi kọ̀ǹpútà kan mú wọn dún, kí ẹ sì gbọ́ ọ láti ara méjèèjì. Ìbéèrè ẹ̀tọ́ ni, kò sì yẹ kó bí ọlọ́jà tó mọṣẹ́ rẹ̀ nínú.

Ní tèmi, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń lo Windows, tí owó rẹ̀ sì ká a, Sonos Era 100 méjì ló yẹ kó wò. Sípíkà yìí jáde ní 2023, ó ní Wi-Fi, ó ní Bluetooth, ó sì lè gba wáyà wọlé téèyàn bá ra ohun ìsopọ̀ kékeré rẹ̀ lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ti di ìbejì, ẹyọ kan lẹ máa so Bluetooth tàbí wáyà mọ́, á sì fi ipa tó kù ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí kò ju ẹ̀rọ kan lọ. Èyí gan-an ni mò ń sọ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ọ̀nà tí mo kà yìí ló ní ìdádúró, torí pé sípíkà tó fẹ́ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dún pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú orin díẹ̀ sílẹ̀. AirPlay àtijọ́ máa ń tọ́jú nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bluetooth sábà máa ń wà láàrin mìlísẹ́kọ́ǹdì 100 sí 300. Ihò wáyà Sonos kò lè dín ju 75 lọ, ó sì lè tó 2,000 bí èèyàn bá yàn án bẹ́ẹ̀ nínú áàpù. Fún orin nìkan, ìdádúró kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Fún fíìmù, àjọ ITU tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn kì í sábà kíyè sí i tí ohùn kò bá pẹ́ lẹ́yìn àwòrán ju mìlísẹ́kọ́ǹdì 125 lọ, bó bá sì jẹ́ pé ohùn ló ṣáájú, 45 ti tó láti mú ojú rú. Ọ̀pọ̀ áàpù fíìmù lórí Mac máa ń dá àwòrán dúró kí ohùn lè bá a. VLC náà ní ibi tí èèyàn ti lè fi ọwọ́ tún un ṣe: lórí Windows, J àti K ni ẹ máa tẹ̀, títí ètè òṣèré àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á fi bára mu. Ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó fún oníbàárà, tó ń lu dùùrù lórí kọ̀ǹpútà, tàbí tó ń ṣeré géèmù, kò ní oògùn kankan fún ìdádúró yìí. Wáyà ni kó lò.

Wi-Fi ibi tí èèyàn ń gbé ló tún kù, ní Dubai àti Sharjah sì rèé, òun ló ń da ọ̀pọ̀ ìbejì rú. Ẹni tó ń gbé bed space, ìyẹn àyè bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá, tàbí yàrá kan nínú ilé tí àwọn mìíràn wà, Wi-Fi onílé ló sábà máa ń lò. Nígbà míì, onílé tàbí ilé ìtura ti tò ó kí ẹ̀rọ kan má lè rí ẹ̀rọ mìíràn, nítorí ààbò. Íntánẹ́ẹ̀tì á lọ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà, á lọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n sípíkà kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni. Ẹ lè máa tún un tò títí di òru, kò ní hàn. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ ra ráútà kékeré tiyín, kí ẹ so ó mọ́ Wi-Fi tàbí wáyà onílé, kí kọ̀ǹpútà àti sípíkà méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú àwọn àwòṣífìlà Al Nahda, ilé kan lórí èkejì, ráútà ló wà nínú yàrá gbogbo. Ìgbì 2.4 GHz ni Bluetooth ń lò, òun náà ni Wi-Fi àtijọ́ ń lò, ọ̀nà mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, ni Wi-Fi lè gbà níbẹ̀ láìfara gbún ara wọn. Orin tó ń já, tó ń dákẹ́ tó tún ń dún, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń wá. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà àti sípíkà sórí 5 GHz. Ìgbì yẹn kì í la ògiri kọ̀ńkéré kọjá dáadáa, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó dára nínú ilé bẹ́ẹ̀: ti aládùúgbò kò ní tètè dé ọ̀dọ̀ yín. Tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lè dé ara kọ̀ǹpútà, ẹ fi wáyà so ó mọ́ ráútà, kí afẹ́fẹ́ lè ṣẹ́kù fún àwọn sípíkà.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tún ní àléébù kan tí láptọ́ọ̀pù kò sábà ní. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni áńtẹ́nà Wi-Fi àti Bluetooth máa ń wà, irin ló bò ó, ẹ̀yìn náà sì kọjú sí ògiri. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí áńtẹ́nà méjì tí wọ́n kó pẹ̀lú rẹ̀ ṣì wà nínú páálí, tí ẹnikẹ́ni kò yí wọn mọ́ ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Tó bá jẹ́ dóńgù Bluetooth kékeré ni ẹ rà, ẹ má ṣe ki í bọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí hádì dísìkì USB 3.0 wà. Intel fúnra wọn tẹ ìwé jáde ní 2012 pé ariwo tí USB 3.0 ń pa wà lórí ìgbì 2.4 GHz gan-an, ó sì ń bo ohùn ẹ̀rọ aláìnílò wáyà tó bá sún mọ́ ọn. Wáyà USB tó gùn díẹ̀, tó gbé dóńgù náà wá sórí tábìlì, ti tó láti yanjú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ohun kan tún wà tó máa ń ba àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà pe ilé nínú jẹ́. Ìpè WhatsApp kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbára lé ní UAE, nítorí náà BOTIM, Zoom tàbí Teams ni ọ̀pọ̀ ń lò. Tí sípíkà Bluetooth tí ẹ ń lò bá ní máíkì fún ìpè, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìpè ni kọ̀ǹpútà á gba máíkì náà lò, ìlànà Bluetooth á sì yí padà kúrò ní A2DP. Ohùn á di mónò, á rẹlẹ̀ sí 8 tàbí 16 kHz, orin tó wà lábẹ́ á dà bí èyí tó ń ti inú fóònù àtijọ́ jáde. Ẹ lọ sínú Settings áàpù ìpè náà, ẹ yan máíkì mìíràn, ti kámẹ́rà tàbí ti etígbọ́ oníwáyà, ẹ jẹ́ kí sípíkà máa ṣe iṣẹ́ sípíkà nìkan. Stẹ́ríò á padà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti so pọ̀, ẹ dán an wò dáadáa. Lórí Windows 11, ẹ wọ Settings, System, Sound, ẹ tẹ orúkọ ìbejì náà, ẹ ó rí Left channel àti Right channel. Ẹ fa Left lọ sílẹ̀ pátápátá: sípíkà ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ dákẹ́, kí ti ọ̀tún sì máa dún lọ. Tó bá jẹ́ pé méjèèjì ṣì ń dún, ẹ wò ó bóyá Mono audio ló wà ní títàn. Tí òdìkejì bá dákẹ́, ẹ padà sínú áàpù lórí fóònù, ẹ pààrọ̀ òsì àti ọ̀tún.

Ìdánwò tó kàn, etí ló ń ṣe é. Ẹ wá àwo àtijọ́ kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní mónò, àpàlà tàbí sákárà kan láti àwọn ọdún 1950. Ẹ jókòó sí àárín, kí ẹ̀yin àti sípíkà méjèèjì jọ ṣe igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba: tí mítà kan bá wà láàrin sípíkà méjèèjì, kí orí yín jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mítà kan. Ẹ di ojú. Akọrin náà gbọ́dọ̀ dúró síwájú yín gan-an, níbi tí kọ̀ǹpútà wà, láìyẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Tó bá fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ìwọ̀n ohùn méjèèjì sì dọ́gba, ó lè jẹ́ pé ẹ kò jókòó sí àárín, tàbí kí sípíkà kan máa pẹ́. Ẹ jẹ́ kó dún fún ìṣẹ́jú 20. Ìbejì gidi kò ní ṣípò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwo stẹ́ríò sí i, Juju Music ti King Sunny Adé tó jáde ní 1982 dára fún èyí, torí gìtá àti ìlù pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gbìyànjú láti fi ìka tọ́ka sí ibi tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan ti ń wá. Tí ẹ bá lè tọ́ka sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàrin òsì àti ọ̀tún, owó yín kò ṣòfò.

Àyè tábìlì ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Sípíkà tí wọ́n tì sí kọ̀rọ̀ ògiri, báàsì rẹ̀ á pọ̀ jù, ohùn akọrin á rì. Ẹ fà wọ́n síwájú díẹ̀, ẹ má ṣe fi ojú ọ̀kan pamọ́ sẹ́yìn mọ́nítọ̀. Nínú yàrá tí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn jọ ń gbé, ẹ pa máíkì wọn nígbà tí ẹ kò bá lò ó. Bọ́tìnì tàbí súwíìṣì rẹ̀ wà lára Echo àti Nest.

Ọ̀rọ̀ iná kò le. 230V, 50Hz ni wọ́n ń lò ní UAE, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà pọ̀ lọ́jà Bur Dubai, níbi tí Computer Street wà, púlọ́ọ̀gì pẹlẹbẹ ló sì ń bá a wá. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ádápítọ̀: tó bá jẹ́ 100-240V, ohun ìyípadà púlọ́ọ̀gì ti tó, tó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ní Rolla ní Sharjah tàbí lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó kúrò nílùú, ẹ jẹ́ kí ẹni náà yọ sípíkà kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀ lójú yín, lórí fóònù rẹ̀, kí ẹ tó ka owó. Méjèèjì ni kó yọ. Tí ẹ bá ń kó wọn lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, àtúntò ni wọ́n máa gbà níbẹ̀: ẹ ó kọ́kọ́ fún wọn ní Wi-Fi tuntun, ẹ ó tún wọn so di ìbejì, ẹ ó sì tún yan òsì àti ọ̀tún kí ẹ tó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà.